Ta Ló Máa Gbé Ẹrẹ̀ Náà Lọ? Ìrírí Mi Pẹ̀lú Àwọn Ọ̀dọ́ Aṣiṣẹ́ Àyíká ní Ṣómólú àti Bàríga

Ẹni tó bá ń gbọ́ nípa iṣẹ́ ìtọ́jú àyíká tí ìjọba ń gbé fún àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé owó ló le jù níbẹ̀, tàbí pé àwọn ọmọ náà ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ti ṣáájú irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ṣómólú, mo tún ṣe é ní Bàríga, mo sì lè sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ̀kan nínú pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́. Owó náà, bó pẹ́ bó yá, ó wọlé. Àárín iléeṣẹ́ kan sí èkejì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: níbi tí ẹni tó kó ẹrẹ̀ jáde ti gbà pé ẹlòmíràn ló máa gbé e lọ, tí ẹlòmíràn ọ̀hún kò sì mọ̀ pé wọ́n ti kó o jáde.

Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ nìyí. Káńsù ló gba orúkọ, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò tí gbogbo wa mọ̀ sí CDA. Iléeṣẹ́ mìíràn tí ọ́fíìsì rẹ̀ jìnnà sí wa ló ni owó. Àwọn ẹnjiníà tó mọ bí omi ṣe ń ṣàn wà lábẹ́ ẹ̀ka kẹta. Àwọn tó ń kó ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ka kẹrin, àwọn onígi àti olódòdó sì dá dúró ní tiwọn. Àwa tí a wà nísàlẹ̀, aṣọ kan náà la wọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la sì ń pé jọ, àmọ́ ọ̀gá márùn-ún ló wà lórí wa, àwọn ọ̀gá náà kì í sì í jókòó pọ̀. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Èmi ni mo ń di rẹ́jísítà mú, èmi ni mo ń pín ṣọ́bìrì, rékì àti ìbọ̀wọ́, ọ̀dọ̀ mi náà ni àwọn onílé ń wá bí omi bá wọ yàrá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú gọ́tà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lókè pátápátá ni àwọn ike omi àti ike ẹlẹ́rìndòdò máa ń léfòó. Lábẹ́ wọn ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn ní ìpele-ìpele débi pé rékì kò ràn án, àfi kí èèyàn fi ọwọ́ ya á. Lábẹ́ ọ̀rá ni yanrìn wà: èyí tí òjò gbá wá láti òpópónà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, àti èyí tó ṣẹ́ kù níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́. Irun àtamọ́ láti ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó máa ń wé mọ́ ẹnu ṣọ́bìrì, bí wọn ò bá fi ọ̀bẹ gé e, kò ní tú. Àwọn ọmọbìnrin inú ọ̀wọ́ mi ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n sí i: wọ́n máa ń fi igi gígùn kan tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lórí fa irun jáde ná, kí ẹnikẹ́ni tó ti ṣọ́bìrì bọ ibẹ̀.

Ẹrẹ̀ tútù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kó lé ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Típà tó bá gbé e á máa ro ó sílẹ̀ láti Bàríga títí dé ààtàn ńlá Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta, ìdajì ohun tó gbé á sì jẹ́ omi lásán. Nítorí náà, etí gọ́tà la máa ń kó o jọ sí, kí oòrùn lè fa omi inú rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí kò yẹ ni pé ọjọ́ tí típà máa dé kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ní òpópónà kan tó já sí apá Ìlàjẹ ní Bàríga, ẹrẹ̀ tí a kó jáde wà nílẹ̀ títí ó fi gbẹ, títí koríko fi hù lórí rẹ̀. Mo lọ sí káńsù, wọ́n ní ti àwọn tó ń kó ilẹ̀ ni. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ilẹ̀, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ilẹ̀ inú ilé àti ilẹ̀ ọjà ni ìwé iṣẹ́ tiwọn dárúkọ, kò dárúkọ ẹrẹ̀ gọ́tà. Àwọn ẹnjiníà ní típà, àmọ́ kánàá ńlá nìkan ni wọ́n ń fún wọn ní dísù fún. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó parọ́ fún mi. Bí iṣẹ́ wọn ṣe wà nínú ìwé ni wọ́n sọ ọ́. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù Kẹfà, ojú ọ̀run ṣú, òjò rọ̀ di ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹrẹ̀ yẹn ti padà sínú gọ́tà tí a ti kó o.

A tún gbé ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀. Bàbá onílé kan jáde síta pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ó tún un kó ni?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. A ó tún un kó."

Ó ní, "Ó dáa. Ta ló máa gbé e lọ?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí àwọn ìjọba ibòmíràn ṣe ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí n lè mọ̀ bóyá ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí jù ni ti Amẹ́ríkà, Civilian Conservation Corps, tí wọ́n ń pè ní CCC. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 1933 ni Franklin Roosevelt gorí àga Ààrẹ, nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn ti dẹnu kọlẹ̀, tí òṣìṣẹ́ bí ẹnì kan nínú mẹ́rin kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Kí oṣù náà tó parí, ó ti buwọ́ lu òfin iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, àgọ́ àkọ́kọ́ ti dìde nínú igbó ọba kan ní ìpínlẹ̀ Virginia. Nígbà tí oṣù Keje fi máa wọlé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti wà ní àgọ́ ti lé ní 250,000. Èmi tí mo ti rí bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ìbọ̀wọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo ka ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń yan àwọn ọmọ náà. Àwọn ológun ló ń kó wọn lọ sí àgọ́, tí wọ́n ń bọ́ wọn, tí wọ́n ń fún wọn láṣọ, tí wọ́n sì ń san owó wọn, nítorí àwọn nìkan ló ní ọkọ̀, àgọ́ àti ìkòkò tó lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn ológun kò láṣẹ lórí iṣẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ti kúrò ní àgọ́ láàárọ̀, wọ́n ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn onígbó ọba tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀gbìn, tàbí àwọn olùtọ́jú ọgbà orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tún ń padà sọ́wọ́ ológun. Iléeṣẹ́ mẹ́rin ni. Ọkùnrin kan, Robert Fechner, tó ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ni wọ́n fi ṣe olùdarí, aṣojú iléeṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń jókòó ìgbìmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Pípín iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ púpọ̀ kò burú nígbà náà. Àwa náà pín in, a tiẹ̀ pín in jù wọ́n lọ. Tiwọn yàtọ̀ nítorí pé wákàtí tí ọmọ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn wà lákọsílẹ̀, yàrá kan sì wà tí àwọn ọ̀gá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lè pàdé bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Ní tiwa, èmi ni yàrá yẹn, lórí ọ̀kadà, láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, pẹ̀lú rẹ́jísítà lábíyá. Mi ò sì ní àṣẹ lórí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Èmi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló dára o. Òfin wọn ní kí wọ́n má ṣe fi àwọ̀ ara ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, síbẹ̀ àgọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn adúláwọ̀ sí. Wọn ò gba obìnrin sínú rẹ̀ rárá. Nínú ọ̀wọ́ tèmi, obìnrin ló pọ̀ jù, àwọn ni kì í sì í pa iṣẹ́ jẹ, pàápàá àwọn tó ní ọmọ nílé ìwé.

Ohun kan tí CCC ṣe tó wù mí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àdúgbò. Ọmọ ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń di àáké mú. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí igbó sì ń kùn pé wọ́n kó àjèjì wá jẹ iṣẹ́ àwọn. Ohun kan ṣoṣo ni ìjọba fi yanjú méjèèjì: wọ́n gba àwọn ọkùnrin àdúgbò tó mọ igbó dunjú, wọ́n ń pè wọ́n ní LEM, wọ́n fi wọ́n sáàárín àwọn ọ̀dọ́ láti máa kọ́ wọn níṣẹ́. Wọ́n sanwó fún wọn. Ibi tí wọ́n ti sanwó fún wọn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí.

Ìdí ni pé àwa náà ní irú wọn. Àṣẹ tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ nígbà kan ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, lápá òkè, kí a máa kó gọ́tà bọ̀ wá sísàlẹ̀. Bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi ní Ìlàjẹ wò wá títí, ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ò bá kọ́kọ́ ṣí ẹnu rẹ̀ lọ́sà, ibo lẹ fẹ́ kí omi tẹ́ ẹ tú sílẹ̀ lókè gbà?" Wọ́n mú wa lọ wo ibi tí kánàá ti bọ́ sí ọ̀sà. Yanrìn àti ọ̀rá ti ga débi pé ọmọdé lè rìn kọjá lórí rẹ̀, ojú oró sì bo ìyókù. Gbogbo omi tí a bá tú sílẹ̀ lókè, ibẹ̀ ló ń bọ̀ wá dúró sí, tí yóò sì padà sẹ́yìn wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀sà, a ń gòkè. Bàbá tún kọ́ wa pé ìgbà tí ọ̀sà bá fà ni ká máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀sà bá kún, omi á máa wọlé padà sínú kánàá ni, agbára ẹni tó dúró nínú rẹ̀ á kàn máa lọ lásán. Nítorí náà ni iṣẹ́ wa létí ọ̀sà kò ṣe ní aago kan pàtó mọ́. Ó di pé kí n máa pe Bàbá lálẹ́ láti béèrè ìgbà tí omi máa fà lọ́jọ́ kejì.

Bàbá yìí kò sí nínú rẹ́jísítà. Ìlànà sọ pé ọ̀dọ́ nìkan ni, ọjọ́ orí Bàbá sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn ọmọ ń dá owó jọ ra ẹja lọ́wọ́ wọn kí wọ́n má baà fi ọwọ́ òfo lọ sílé. Mo dúró lórí rẹ̀ títí di òní pé gbogbo ọ̀wọ́ tí ìjọba bá kó jọ ní Èkó, ó yẹ kí àyè méjì tàbí mẹ́ta wà nínú rẹ̀ fún irú bàbá yìí, pẹ̀lú owó oṣù, láìka ọjọ́ orí wọn sí.

Ọ̀rọ̀ owó náà kàn. Dọ́là 30 lóṣù ni wọ́n ń san fún ọmọ CCC, dọ́là 25 nínú rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí lójú tèmi, nítorí ìyá tó bá ń gba owó yẹn lóṣooṣù á rí i dájú pé ọmọ òun ò sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní Íńdíà, òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìgbèríko ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ ọjọ́ 100 lọ́dún, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti ilẹ̀ àti omi: gbígbẹ́ adágún, títún ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti jẹ ṣe, gbígbin igi. Òfin náà ní owó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ láàárín ọjọ́ 15, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n san àfikún lé e. Owó ṣì máa ń pẹ́ níbẹ̀ náà nígbà náà, lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ òṣìṣẹ́ mọ ọjọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde béèrè.

Nílẹ̀ wa níbí, oṣù Kìíní 2021 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe fún èèyàn 774,000, ẹgbẹ̀rún kan láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ àbójútó NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́. Kíkó gọ́tà, gbígbá ojú pópó àti ìtọ́jú ọ̀gbìn igi wà lára rẹ̀. Náírà 20,000 lóṣù ni, fún oṣù mẹ́ta. Inú mi dùn sí i pé ó kárí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kò ku ibì kan. Àmọ́ oṣù mẹ́ta kéré. Kí ọ̀dọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ìdà omi, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ́ ṣọ́bìrì lára, kí òun àti àwọn onílé tó mojú ara wọn, oṣù mẹ́ta ti pé. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ CCC ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé fún, ó sì lè tún un ṣe títí di ọdún méjì.

Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ló ń dá owó dúró jù. Ọmọ á kọ Ṣadé sí rẹ́jísítà, Fọláṣadé ni báǹkì mọ̀ ọ́n sí. Òmíràn ti lọ sílé ọkọ, ó fi orúkọ ọkọ ṣáájú, BVN rẹ̀ ṣì wà lórúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn tó gba orúkọ kọ́ ló ń san owó, àwọn tó ń san owó kò sì mọ ẹni tí wọ́n lè pè láti béèrè. Ó kàn máa ń dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ, tó lè wo gọ́tà lásán kó sọ ibi tí ìdíwọ́ wà lábẹ́ sílábù, duró, duró, ó wá lọ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, torí owó ojúmọ́ ló ń fi bọ́ ìyá rẹ̀. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Láti ìgbà náà, bí a bá ń gba orúkọ tuntun, mo máa ń ní kí kálukú ṣí áàpù báǹkì rẹ̀ níwájú mi, kí n kọ orúkọ bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwọn tí owó wọn ń há dín kù púpọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni, àmọ́ kò sí nínú ìlànà iléeṣẹ́ kankan, nítorí ẹni tó ń gba orúkọ kì í rí ẹni tí owó rẹ̀ há.

Mo fẹ́ sọ ti igi náà, torí òun ló sún mọ́ mi lọ́kàn jù. Ní Èkó, ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ọjọ́ ìgbìngi lọ́dọọdún, láti ọdún 2011 sì ni LASPARK ti wà gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń rí sí ọgbà àti igi ní ìpínlẹ̀ náà. Oṣù Keje dára fún gbígbìn, ilẹ̀ ṣì rọ̀, òjò ṣì ń bọ̀. Oṣù Kejìlá ni igi ń kú. A gbin dógoyárò, fúrúùtù àti máńgòrò sí etí fẹ́ǹsì ilé ìwé kan ní Ṣómólú, wọ́n sì mú dáadáa. Nígbà tí ọyẹ́ dé, sáà iṣẹ́ ọ̀wọ́ wa ti parí. Ọkọ̀ omi tó wà, ojú ọ̀nà ńlá ni wọ́n yàn án fún. Ilé ìwé ti gba ìsinmi Kérésì. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe ohun tí kò yẹ, àwọn igi náà sì gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò gbẹ, ewúrẹ́ jẹ ẹ́.

Èyí tó yè nínú wọn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá alákàrà kan máa ń da omi tí wọ́n fi bó ẹ̀wà sídìí dógoyárò kan, nítorí oòrùn ọ̀sán máa ń pá wọn lórí níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ òjìji. Bọ̀kanáísà kan fi táyà àtijọ́ méjì yí fúrúùtù tirẹ̀ ká, ewúrẹ́ kò lè dé ìdí rẹ̀. Kò sí ìjọba tó ní kí wọ́n ṣe é. Nígbà tí a tún fẹ́ gbin igi lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí a tó gbẹ́ ihò kankan ni mo ti kọ́kọ́ lọ bá gbogbo àwọn tó ń tajà létí fẹ́ǹsì. "Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ṣé ẹ fẹ́ igi níwájú yín? Irú èwo? Ṣé ẹ ó máa bomi rin ín fún wa títí òjò á fi dé?" Àwọn kan ní àwọn ò fẹ́, ewé rẹ̀ á máa já bọ́ sínú ọjà àwọn, tàbí á bo sáìnbọ́ọ̀dù. A ò gbin nǹkan kan síwájú wọn. Iye tí a gbìn kéré sí ti ọdún àkọ́kọ́, ọ̀gá kan tó wá yà fọ́tò kò fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ṣì wà lórí ìdúró.

Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ju tiwa lọ. Ní 1995, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Working for Water: wọ́n ń gba àwọn aláìníṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, láti máa gé àwọn igi àjèjì tó ń fa omi odò wọn gbẹ. Igi wọ̀nyẹn kì í gba ìgékú ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n tún ń rú, irúgbìn wọn sì ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀wọ́ kò bá padà sí ibi kan náà lẹ́yìn àkọ́gé, kó sì tún padà, òógùn àkọ́kọ́ ti ṣòfò. Nítorí náà ó pọn dandan kí owó ìpadàbọ̀ wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti gọ́tà àti igi tiwa, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni owó máa ń wà fún, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ń wá wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé. Títí di oṣù Kọkànlá 2016, gbogbo Sátidé tó kẹ́yìn oṣù la máa ń jókòó sílé láti tún àyíká ṣe, kó tó di pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òpin sí i. Àwọn kan ń sọ pé láti ìgbà yẹn ni gọ́tà ti bàjẹ́. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹrẹ̀ tí àwọn onílé ń kó jáde lọ́jọ́ Sátidé nígbà náà, etí gọ́tà ni òun náà máa ń wà. Ohun tí mo rí ni pé òpópónà tí típà bá ti kó ẹrẹ̀ kúrò kíákíá, àwọn onílé ibẹ̀ ló máa ń bá ara wọn wí. Mo gbọ́ bí ìyá kan ṣe pariwo mọ́ ọmọ tó fẹ́ da ike sí gọ́tà: "Ṣé o ò rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ni?" Níbi tí ẹrẹ̀ bá wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí rẹ̀ ni wọ́n ń da ilẹ̀ ilé lé, tí òkìtì náà á sì di ààtàn.

Ní báyìí, bí wọ́n bá ní kí n wá ṣáájú ọ̀wọ́ mìíràn, ìwé kan ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, ojú ewé kan péré. Orúkọ òpópónà ló máa wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a máa kó gọ́tà, ọjọ́ tí típà máa wá gbé ẹrẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń rán típà níṣẹ́, ọjọ́ tí owó máa wọlé, àti ẹni tó máa bomi rin igi láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Kí gbogbo iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ káńsù, kí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ CDA, kí a sì lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn onílé ti lè kà á.

Káńsù kan gbà láti dán an wò pẹ̀lú wa ní àwọn òpópónà mélòó kan ní Bàríga. Àwọn tó ni típà buwọ́ lù ú pẹ̀lú, nígbà tí alága CDA tẹ̀ lé mi lọ bá wọn. A kó gọ́tà láti ẹnu ọ̀sà wá sókè, oòrùn pa ẹrẹ̀ náà, típà sì dé lọ́jọ́ tó wà nínú ìwé. Dírẹ́bà ní kí a fún òun lẹ́nì kan tó máa júwe àwọn òpópónà fún òun, torí òun ò wá irú àdúgbò yìí rí. Bọ̀kanáísà wa ló bá a lọ. Apá ti owó àti ti ìbomirin ni kò tíì rí ẹni buwọ́ lù ú. Wọ́n ní kí a kọ lẹ́tà, a ti kọ ọ́, CDA sì ti ní kí n jẹ́ kí àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé mi lọ béèrè èsì rẹ̀ kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó wọlé.